Àṣìṣe tó ń pa láptọ́ọ̀pù wa ní pápá ìṣeré Adó-Èkìtì

Ẹni tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pe pápá ìṣeré tó wà l'Ádó-Èkìtì, Olúyẹmí Káyọ̀dé, wà lára ikọ̀ tó gba fàdákà fún Nàìjíríà nínú eré ìje ẹlẹ́ni mẹ́rin, 4x100 mítà, ní Barcelona lọ́dún 1992. Irú eré ìje yẹn gan-an ni àwọn ọmọ iléèwé girama ń sá nígbà tí láptọ́ọ̀pù tí mo fi ń kọ èsì kú mọ́ mi lọ́wọ́. Mo ti tẹ èsì iléèwé márùn-ún, mi ò tíì fi iṣẹ́ náà pamọ́. Ọmọbìnrin kan wá béèrè àkókò iléèwé wọn, òógùn ṣì ń kán lágbọ̀n rẹ̀, mi ò sì rí nǹkan kan fi hàn án.

Sọ́kẹ́ẹ̀tì abẹ́ ìjókòó ni mo gbọ́kàn lé. Wọ́n ní iná wà, mo gbà. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ lọ síbẹ̀ ní ọjọ́ tó ṣáájú, kí ẹ fi ṣájà yín sí i, kí ẹ sì béèrè ẹni tí ẹ jọ máa lo iná ọ̀hún, torí ẹ̀rọ agbohùnsókè àti fíríìjì àwọn tó ń ta omi tútù lè ti wà lórí ìlà kan náà.

Ọ̀rọ̀ páwábáǹkì ló ń ná àwọn èèyàn lówó jù. Wọ́n á rí 20,000 mAh lára rẹ̀, wọ́n á rò pé yóò gbé láptọ́ọ̀pù di alẹ́. Fólítì 3.7 ni wọ́n fi ń ṣírò nọ́ńbà yẹn, nítorí náà gbogbo agbára inú rẹ̀ kò ju nǹkan bí 74 watt-hour (òṣùwọ̀n iye iná tí bátìrì lè gbà) lọ, díẹ̀ nínú rẹ̀ á sì bá ooru lọ. Bí bátìrì láptọ́ọ̀pù yín bá jẹ́ 50 watt-hour, ẹ̀ẹ̀kan péré ló máa kún un. Èyí tí wọ́n ṣe fún fóònù nìkan, tó ń gbé fólítì 5 jáde, kò tiẹ̀ wúlò fún ọ̀pọ̀ láptọ́ọ̀pù tó ń gba iná lójú USB-C, torí fólítì 20 ni wọ́n ń fẹ́. Kí ẹ tó sanwó, ẹ wá ibi tí wọ́n ti kọ PD (Power Delivery, ìyẹn ni pé ó lè gbé fólítì tó ju 5 lọ jáde lójú USB-C) sí ara rẹ̀, pẹ̀lú 45W tàbí 65W, bí ti ṣájà yín bá ṣe rí.

Ẹ̀rọ amúnáwá kékeré tún ńkọ́? Láptọ́ọ̀pù mẹ́jọ tí ṣájà wọn jẹ́ 65W lè fa 520W, ó sì kù díẹ̀ kó ti gbé gbogbo agbára irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀. Bí ẹnì kan bá tún wá fi ìkòkò tí wọ́n fi ń se omi tíì sí i, fólítì á já wálẹ̀. Ẹ yọ ṣájà kí ẹ tó pa ẹ̀rọ, ẹ má dúró de ìgbà tí epo á tán tí yóò máa kú-jí. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má gbé e sábẹ́ àtíbàbà nítorí òjò. Gáàsì carbon monoxide inú èéfín rẹ̀ kò ní òórùn, ó sì ń pa èèyàn.

Ẹ tú ẹ̀kísíténṣọ̀n tó ká jọ sílẹ̀ tán kí ẹ tó lò ó, torí wáyà tó ká máa ń gbóná.

Oòrùn ni a kì í kà sí. Ìjókòó símẹ́ńtì tó ti ń yá oòrùn láti àárọ̀ kì í ṣe tábìlì. Ooru tó ju 45°C lọ máa ń ba bátìrì jẹ́ bí ó bá ń gbaná lọ́wọ́. Ọ̀pọ̀ láptọ́ọ̀pù á kọ̀ láti gbaná nígbà tó bá gbóná, olówó rẹ̀ á sì rò pé ṣájà ti bàjẹ́. Ẹ gbé e sí ibòji ná, kí ẹ dín ìmọ́lẹ̀ ojú rẹ̀ kù.

Àwọn tó di aago mú ló bá mi wá àkókò iléèwé ọmọ yẹn. Wọ́n ti kọ ọ́ sẹ́yìn páálí bísíkíìtì. Láti ọjọ́ náà, ìwé àti bírò kì í kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣájà nínú àpò mi, orí ìwé ni mo sì ń kọ èsì sí kí n tó tẹ̀ ẹ́.