Ta Ni Ó Lè Dá Ẹ̀rọ Dúró? Ìrírí Mi Lórí Àṣà Ilé-Iṣẹ́ Wa

Ilé ìtẹ̀wé tí mo ń darí wà ní Ṣómólú, ní Èkó, ní àdúgbò tí ariwo ẹ̀rọ ti máa ń bẹ̀rẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa, tí ẹni tí ó bá fẹ́ tẹ káàdì ìgbéyàwó, kàlẹ́ńdà, ìwé ilé-ìwé tàbí ìwé ètò ìsìnkú kò sì ní rìn jìnnà kí ó tó rí ẹni tí yóò bá a ṣe é. Iṣẹ́ tí mo fẹ́ ròyìn rẹ̀ níbí kì í ṣe iṣẹ́ ìtẹ̀wé gan-an. Ó jẹ́ ti bí a ṣe jókòó pinnu irú àṣà tí a fẹ́ kí ilé-iṣẹ́ wa ní, bí a ṣe kọ ọ́ sílẹ̀, bí a ṣe ń mú un wọ inú iṣẹ́ ojoojúmọ́, àti ohun tí èyí yí padà nínú ìwà èmi tí wọ́n ń pè ní ọ̀gá.

Nígbà tí a kéré níye, kò sí ohun tí a nílò láti kọ. Ojú mi tó gbogbo igun yàrá, ohun tí mo bá sì ṣe ní òwúrọ̀ ni àwọn yòókù ń wò ṣe. Òfin ni ó kọ́kọ́ tì wá sí ọ̀nà mìíràn. Òfin owó ìfẹ̀yìntì ti ọdún 2014 sọ pé ilé-iṣẹ́ aládàáni tí ó bá ní òṣìṣẹ́ 15 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ gbọ́dọ̀ wọ inú ètò náà, kí agbanisíṣẹ́ máa san ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù, kí òṣìṣẹ́ sì máa san ìdá 8. Bí a ṣe pé 15 ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í kó ìwé olúkúlùkù jọ, mo sì mú Òfin Iṣẹ́ ilẹ̀ Nàìjíríà kà pẹ̀lú rẹ̀, èyí tí ó ní kí agbanisíṣẹ́ fún òṣìṣẹ́ ní àdéhùn wọn ní kíkọ kí oṣù mẹ́ta tó pé tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Mo jókòó láti kọ lẹ́tà náà. Wákàtí iṣẹ́ kò ṣòro láti kọ, bẹ́ẹ̀ ni owó oṣù. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo dé ibi tí ó yẹ kí n sọ bí a ṣe ń bá ara wa lò nígbà tí iṣẹ́ bá bàjẹ́, bíírò mi kò lọ síwájú mọ́, nítorí pé ohun tí mo lè kọ síbẹ̀ yàtọ̀ sí ohun tí ń ṣẹlẹ̀ ní ìdí ẹ̀rọ.

Mo ti rí i ní ọ̀pọ̀ ọ́fíìsì pé wọ́n máa ń gbé ọ̀rọ̀ ńláńlá kọ́ ara ògiri: òtítọ́, ìfọkàntán, ìṣọ̀kan. Àwa gan-an ni wọ́n máa ń gbé irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ wá fún láti tẹ̀, nítorí náà n kò ní bú u, owó ni. Ṣùgbọ́n n kò fẹ́ bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀. N kò sì fẹ́ bi àwọn òṣìṣẹ́ pé irú ilé-iṣẹ́ wo ni wọ́n fẹ́, torí ta ni yóò dá ọ̀gá lóhùn ìbéèrè bẹ́ẹ̀ láìkọ́kọ́ wo ojú ọ̀gá? Ohun tí mo ṣe ni pé mo ń lọ jókòó sí ẹ̀ka tí wọ́n ti ń ká pépà, tí wọ́n ń gún un pọ̀, tí wọ́n sì ń gé e, mo ń bá wọn ká ìwé, mo sì ń bi wọ́n léèrè lọ́kọ̀ọ̀kan nípa iṣẹ́ tí ó bàjẹ́ kẹ́yìn. Ta ni ó kọ́kọ́ rí i? Ta ni ó sọ fún? Ìgbà wo ni èmi tó gbọ́? Ìtàn ni mo ń béèrè, n kò béèrè èrò, nítorí pé ẹni tí kò lè sọ èrò rẹ̀ fún ọ̀gá lè sọ ohun tí ojú rẹ̀ rí.

Ìtàn wọn jọra tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi yà mí lẹ́nu. Ẹni tí ó kọ́kọ́ ń rí àbùkù ni ẹni tí ó kéré jù: ọmọ ìkọ́ṣẹ́ tí ń kó pépà kúrò lẹ́nu ẹ̀rọ, tàbí ọmọbìnrin tí ń ká ìwé. Èmi ni mo máa ń gbọ́ kẹ́yìn, nígbà mìíràn láti ẹnu oníbàárà.

Fún ẹni tí kò mọ iṣẹ́ wa, ó yẹ kí n ṣàlàyé ìdí tí àkókò fi ṣe pàtàkì. Iṣẹ́ aláwọ̀ púpọ̀ ń gba pléètì mẹ́rin, ìyẹn irin pẹlẹbẹ tí a ya àwòrán iṣẹ́ náà sí, ọ̀kan fún búlúù, ọ̀kan fún pupa, ọ̀kan fún yẹ́lò, ọ̀kan fún dúdú, pépà kan náà ni yóò sì gba abẹ́ gbogbo wọn kọjá. Lórí ẹ̀rọ aláwọ̀ kan bíi Kord 64 tí ilé-iṣẹ́ Heidelberg ti ilẹ̀ Jámánì ṣe, ẹ̀ẹ̀mẹrin ni pépà yóò wọlé. Bí ọ̀kan bá yẹ̀ díẹ̀, ẹni tí ó wà nínú àwòrán yóò ní ètè méjì. Bí ènìyàn bá sọ̀rọ̀ nígbà tí ogún pépà péré ti jáde, ogún pépà la pàdánù. Bí ó bá dákẹ́, odidi rímù, ìyẹn ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta pépà, lè ti ṣègbé kí àwọ̀ kan tó parí. Ti ìwé ètò ìsìnkú tún burú jù, torí a kì í sún ọjọ́ ìsìnkú nítorí atẹ̀wé. Ìwé tí ó bá ní àṣìṣe orúkọ ọmọ kan tàbí ọjọ́ ìbí olóògbé ni wọn yóò mú lọ sí ilé ìjọsìn, wọn yóò sì fi í pamọ́ fún ọmọ-ọmọ.

Ohun méjì ni ó ń pa àwọn ọmọ lẹ́nu mọ́. Èkíní ni owó. Ní ọ̀pọ̀ ìdí ẹ̀rọ, ẹni tí ó bá ba pépà jẹ́ ni wọn yóò yọ owó rẹ̀ lára owó oṣù rẹ̀, ó sì ti mọ́ gbogbo ènìyàn lára débi pé kò sẹ́ni tí ń bi í léèrè. Òfin Iṣẹ́ kò gbà bẹ́ẹ̀. Ó ní kí agbanisíṣẹ́ má ṣe yọ owó ìtanràn lára owó òṣìṣẹ́, àti pé bí òṣìṣẹ́ bá tilẹ̀ mọ̀ọ́mọ̀ fa àdánù tàbí ṣe àìbìkítà, ọ̀gá gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gba ìyọ̀ǹda ní kíkọ lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ ìjọba tí ó ń mójútó ọ̀rọ̀ iṣẹ́ kí ó tó yọ iye tí ó bójú mu. Mo ka apá yìí sókè ní ìpàdé. Yàrá dákẹ́. Akápò wa ni ó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, ó ní bí a kò bá yọ ọ́ níbẹ̀, níbo ni a óò ti yọ ọ́? Ìbéèrè gidi ni. A jọ ṣírò rẹ̀, a sì gbà pé kí a máa fi iye pépà díẹ̀ kún iye tí a ń bu fún gbogbo iṣẹ́, nítorí pé kò sí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tí kì í jẹ pépà, yálà ẹnìkan ṣàṣìṣe tàbí kò ṣe.

Lẹ́yìn náà ni a ra ìwé ńlá kan tí a gbé sórí tábìlì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ ìgépépà. Bí nǹkan bá bàjẹ́, a ó kọ ọjọ́, irú iṣẹ́, ohun tí ó ṣẹlẹ̀, àti ibi tí a ti rí i. A kì í kọ orúkọ ẹnikẹ́ni. Àwọn kan rò pé ìyẹn yóò sọ ènìyàn di ọ̀lẹ, èmi náà kò sì dá ara mi lójú ní ìbẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìwé náà sọ ohun tí orúkọ kì bá sọ láéláé: pé àṣìṣe ọ̀rọ̀ máa ń pọ̀ lórí iṣẹ́ tí oníbàárà bá fi fóònù fọwọ́ sí láìwo ẹ̀dà àyẹ̀wò lórí pépà, àti pé àwọ̀ máa ń yẹ̀ lẹ́yìn tí iná bá lọ tí a sì gbé e sórí jẹnẹrétọ̀. Kò sí èyí tí yíyọ owó ọmọ ìkọ́ṣẹ́ lè wò sàn nínú wọn.

Ohun kejì ni ọjọ́ orí, òun ni ó sì gba agbára wa jù lọ. Ẹni tí ń darí ẹ̀rọ wa àgbà, Bàbá Kọ́ọ̀dù ni gbogbo wa ń pè é, ti wà nídìí iṣẹ́ yìí kí púpọ̀ nínú àwọn ọmọ náà tó dé ayé. Kò sí ọmọ tí a tọ́ dáadáa tí yóò pàṣẹ fún irú ẹni bẹ́ẹ̀ pé kó dúró. Gbogbo wa mọ òwe pé ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀, ṣùgbọ́n ó rọrùn lẹ́nu ju ìdí ẹ̀rọ tí ń sáré lọ. Mo sọ fún wọn nípa ilé-iṣẹ́ Toyota ní Jàpáànì, níbi tí wọ́n ti na okùn sí ẹ̀gbẹ́ ìlà tí wọ́n ti ń to ọkọ̀, tí òṣìṣẹ́ tí ó bá rí àbùkù, ì báà jẹ́ ẹni tí ó dé lánàá, lè fà á kí ọ̀gá rẹ̀ wá wò ó, tí gbogbo ìlà yóò sì dúró bí ọ̀rọ̀ náà kò bá yanjú ní kíá. Mo fi kún un pé ilẹ̀ Jàpáànì náà kì í fi ọ̀wọ̀ àgbà ṣeré.

Bàbá Kọ́ọ̀dù gbọ́ ọ tán, ó ní, “Màdáámú, ẹ̀rọ yìí ti wà lọ́wọ́ mi kí wọ́n tó bí ọmọ yìí. Ṣé òun ni yóò wá máa sọ fún mi pé kí n dúró?”

Ìyá Ìbejì, tí ó jẹ́ olórí àwọn tí ń ká ìwé, dá a lóhùn kí n tó lanu. “Bàbá, kò sí ẹni tó ní ọgbọ́n yín ò tó. Ojú ló ń rẹ̀ yín bó bá ti di alẹ́, ojú tiwa náà sì ń rẹ̀ wá. Ti ọmọ yẹn ni kò tíì rẹ̀.”

Ẹ̀rín ni ó kọ́kọ́ sọ, lẹ́yìn náà ni Bàbá Kọ́ọ̀dù fúnra rẹ̀ dá ìmọ̀ràn tí a ń lò títí di òní. Ó ní kí ọmọ má ṣe sọ pé iṣẹ́ ti bàjẹ́, kí ó má sì sọ pé kí òun dúró. Kí ó sọ pé, “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wò ó.” Bí òun bá ti gbọ́ ọ, òun yóò pa ẹ̀rọ kí òun tó wo ohunkóhun. Bí kò bá sí àbùkù, òun yóò sọ pé “O ṣé,” iṣẹ́ yóò sì máa lọ. A kọ ọ́ sílẹ̀ bí ó ṣe sọ ọ́, a sì fi kún un pé ẹni tí ó bá pe ènìyàn wá wo ohun tí kò ní àbùkù kò gbọ́dọ̀ gbọ́ yẹ̀yẹ́ tàbí ìbínú lẹ́nu ẹnikẹ́ni. Gbólóhùn ìkẹyìn yìí ni mo kà sí ọkàn gbogbo ìwé àṣà ilé-iṣẹ́ wa, nítorí pé ọmọ tí wọ́n bá fi ṣẹ̀sín lẹ́ẹ̀kan kì yóò tún lanu mọ́.

N kò mọ̀ pé èmi ni wọn yóò kọ́kọ́ fi dán an wò. Mo ń fi ẹ̀dà àyẹ̀wò kàlẹ́ńdà kan han oníbàárà pàtàkì, mo ti ń bá a sọ̀rọ̀ owó, nígbà tí ọmọbìnrin tí ó kéré jù nínú wa dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, tí ó kúnlẹ̀ díẹ̀, tí ó ní, “Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ bá mi wò ó.” Ojú mi gbóná. Mo tọrọ gáfárà lọ́wọ́ oníbàárà, mo wo ibi tí ó nawọ́ sí. Ó rò pé a ti gbé ọjọ́ ọdún Iléyá sí ibi tí kò yẹ. Kò rí àkọlé kékeré ìsàlẹ̀ pé yíyọ oṣù ni yóò fìdí rẹ̀ múlẹ̀. Kò sí àbùkù. Gbogbo yàrá ń wò mí, ẹ̀rọ ìgépépà pàápàá ti dákẹ́. Mo ní, “O ṣé,” mo sì padà sórí ọ̀rọ̀ owó. Oníbàárà náà béèrè lẹ́yìn náà bóyá ọmọ mi ni.

Àwọn nǹkan mìíràn tí ó wà nínú ìwé náà kò gba àríyànjiyàn púpọ̀. A dá ọjọ́ kan pàtó fún owó oṣù. Ìsinmi ọdọọdún tí òfin sọ pé kò gbọ́dọ̀ dín ní ọjọ́ iṣẹ́ mẹ́fà lẹ́yìn ọdún kan, a fi kún un. Iṣẹ́ òru ní oṣù Kejìlá, nígbà tí gbogbo ayé ń tẹ kàlẹ́ńdà, kò jẹ́ àṣẹ mọ́, ẹni tí ó bá sì gbà láti ṣe é yóò gba owó ọkọ̀ tàbí ibi tí yóò sùn sí. Mọ̀lẹ́bí mi tí ó bá fẹ́ iṣẹ́ yóò ṣe ìdánwò bí àwọn yòókù, ẹlòmíràn ni yóò sì dán an wò. Èyí dá wàhálà sílẹ̀ ní ilé ju ibi iṣẹ́ lọ.

Ní ti èmi fúnra mi, mo ní ìwé kékeré kan tí mo máa ń kọ nǹkan sí ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì. Ohun méjì péré ni mo ń kọ: ohun tí mo gbọ́ ní ọ̀sẹ̀ náà láti ẹnu ẹni tí ó kéré sí mi, àti ìgbà tí mo já ọ̀rọ̀ gbà lẹ́nu ẹni tí ń sọ̀rọ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀, apá kejì ni ó ń kún ojú ewé. Mo ti kọ́ láti ka ojú àwọn tí ń gbọ́ mi kí n tó dáhùn, àti láti jẹ́ kí ìdákẹ́jẹ́ pẹ́ díẹ̀ ní ìpàdé, torí ẹni tí ó ní ọ̀rọ̀ tí ó wúwo máa ń pẹ́ kí ó tó gbé e kalẹ̀. Ohùn mi ti lọ sílẹ̀ ní ilé pẹ̀lú, ọkọ mi ni ó sọ bẹ́ẹ̀, n kò sì bá a jiyàn. Ohun tí kò tíì yí padà ni pé mo ṣì máa ń fẹ́ fọwọ́ ara mi tún iṣẹ́ ṣe nígbà tí mo bá rí i pé ẹlòmíràn lọ́ra.

Ìpàdé ọjọ́ Ajé ti kúrò lọ́wọ́ mi báyìí. Ìyá Ìbejì ni ó ń darí rẹ̀, mo sì máa ń jókòó sí ẹ̀yìn, níbi tí wọ́n ń kó pépà sí. Ohun tí ó wà lórí tábìlì ni bí a ó ṣe máa fi owó kún owó oṣù. Bàbá Kọ́ọ̀dù fẹ́ kí ó jẹ́ iye ọdún tí ènìyàn ti lò, àwọn ọmọ fẹ́ kí ó jẹ́ ohun tí ènìyàn mọ̀ ọ́n ṣe, akápò sì fẹ́ kí a kọ́kọ́ san gbèsè pépà. A ti jíròrò rẹ̀ títí, a kò tíì fẹnu kò, n kò sì tíì sọ tèmi.