Subaru mi tó ń jẹ́ẹ̀kì: inú táńkì ni mo ti rí àrùn ẹ̀

Ẹ wò ó, WRX 2004 mi yìí fẹ́ sọ mí di wèrè l'Óṣogbo. Tí mo bá ń wà á jẹ́jẹ́ láti Ọláìyá lọ sí Òkè-Fìà kò sí wàhálà, àmọ́ kí n ṣáà jáde sójú títì Gbọ̀ngán kí n tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ ní gíà kẹta, bí tọ́bò (ẹ̀rọ tó ń fẹ́ afẹ́fẹ́ wọnú ẹ́ńjìnnì) bá ṣe ń gba agbára báyìí ni ọkọ̀ á máa jẹ́ẹ̀kì bí ẹni tí wọ́n dì mú láṣọ látẹ̀yìn. Mo sikáànù ẹ̀, kò sí kóòdù kankan.

Mẹkáníìkì ní plọ́ọ̀gì ni, a pààrọ̀ ẹ̀. Ó ní kọ́ìlì ni, a tún pààrọ̀ ẹ̀. Ló bá tún ní "Ẹ̀gbọ́n, pọ́ǹpù ti kú, ẹ jẹ́ ká wá Bẹ́ljíọ́ọ̀mù kan." Pọ́ǹpù tó fúnra ẹ̀ fi síbẹ̀ lóṣù mẹ́rin sẹ́yìn! Mo ní owó mi kì í ṣe omi Ọ̀ṣun o.

Mo yá géèjì tó ń wọn agbára epo, mo so ó mọ́ àárín fílítà àti ìnjẹ́ktọ̀. Lórí sílò, tí mo fa hóòsì afẹ́fẹ́ kúrò lára rẹgulétọ̀ tó ń darí agbára epo, 43 psi (ìwọ̀n agbára) ni mo rí, ó pé bó ṣe yẹ. Ibi tí wọ́n ti máa ń tan èèyàn jẹ nìyẹn. Rẹgulétọ̀ yìí máa ń fi psi kan kún psi kọ̀ọ̀kan tí tọ́bò bá fẹ́ wọlé, tí tọ́bò bá fẹ́ 13, ó yẹ kí géèjì wà ní 56. Epo tí ò tó lásìkò yẹn lè yọ́ písítìnì, ìdí tí mi ò fi fẹ́ máa dán an wò kiri nìyẹn. Mo ki géèjì sábẹ́ wáípà níta wínsíkírì (kò sẹ́ni tó ń gbé hóòsì epo wọnú ọkọ̀), mo ní kí àbúrò mi máa wò ó. "48… 50… háà, bọ̀ọ̀dá, ó ń já o, 35!"

Mo pààrọ̀ fílítà, pàbó. Mo wọn iná tó ń dé ọ̀dọ̀ pọ́ǹpù, ó pé. Ó di inú táńkì nìyẹn. Mo yọ rílè pọ́ǹpù, mo sítáàtì títí ẹ́ńjìnnì fi kú kí epo inú páìpù lè wálẹ̀, mo tú orí bátìrì, mo gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì yanrìn kalẹ̀, mo wá ṣí ìdérí abẹ́ síìtì ẹ̀yìn.

Hóòsì kékeré tó wà lórí pọ́ǹpù ti rọ̀ bíi pọ̀nmọ́ tó sùn nínú omi mọ́jú, ó sì là lẹ́gbẹ̀ẹ́ kílíìpù. Lórí sílò, ojú ẹ̀ á pa dé, tí agbára bá ti pọ̀ á yanu, epo á máa dà padà sínú táńkì. Hóòsì tí wọ́n ṣe fún ìta táńkì lásán ni wọ́n fi síbẹ̀! Èyí tó ń gbé inú epo, wọ́n máa ń kọ 30R10 sí i lára. Mi ò rí i l'Óṣogbo, Ládipọ̀ l'Ékòó ni wọ́n ti bá mi fi ránṣẹ́.

Mo fi sí i pẹ̀lú kílíìpù tuntun, mo tan kọ́kọ́rọ́ lẹ́ẹ̀mejì láìsítáàtì, mo gbóòórùn, kò jò. Gbọ̀ngán lẹ́ẹ̀kan sí i: 56, kò mì.

Mo gbé hóòsì jíjẹrà náà lọ bá ọ̀gá mẹkáníìkì. Ó yí i sọ́tùn-ún, ó yí i sósì, ó ní, "Ṣé mi ò sọ fún yín pé ọ̀dọ̀ pọ́ǹpù ló wà?"