Omi Ló Fi Oṣù Mẹ́fà Kún Probation Mi

Ọjọ́ tí adájọ́ kan ní Amẹ́ríkà sọ pé òun ò ní rán mi lẹ́wọ̀n, díẹ̀ ló kù kí n dọ̀bálẹ̀. Ẹjọ́ ṣẹ́ẹ̀kì tí kò lówó nídìí ni, mo sì jẹ̀bi, mi ò ní purọ́. Probation ọdún méjì ni wọ́n fún mi, ìyẹn ni pé ilé ni mo ti máa ṣe ìjìyà mi, tí òṣìṣẹ́ á máa ṣọ́ mi bóyá mò ń pa òfin kóòtù mọ́. Ọdún méjì ààbọ̀ ni mo fi ṣe é, omi lásán ló sì fà á.

Bàbá kan tí a jọ wà ní àtìmọ́lé kọ probation ní tiwọn, wọ́n ní kí wọ́n kúkú fún àwọn lẹ́wọ̀n oṣù mẹ́fà. Mo rò pé orí wọn ti dàrú. Wọ́n ní, “Ẹ̀wọ̀n máa ń tán, ọmọ mi.”

Ẹ̀yin tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fún ní probation, ìforúkọsílẹ̀ àti ìtẹ̀ka kò le, ẹ máa ṣe é. Ọ̀rọ̀ ìtọ̀ tí wọ́n fi ń yẹ èèyàn wò bóyá ó lo oògùn olóró ni kí ẹ gbọ́. Ibi púpọ̀ ní Amẹ́ríkà ni wọ́n ti máa ń fún èèyàn ní àwọ̀ kan. Búlúù ni tèmi. Láràárọ̀, títí kan ọjọ́ Sọ́ńdè, mo gbọ́dọ̀ pe nọ́ńbà kan kí n gbọ́ àwọ̀ tó kàn. Bí wọ́n bá pe búlúù, ọjọ́ yẹn gan-an ni mo gbọ́dọ̀ lọ tọ̀ sínú ife níwájú òṣìṣẹ́ tó ń wò mí bí ẹni ń wo sinimá. Ṣẹ́ẹ̀kì ni ẹjọ́ mi o! Kí ló kàn mí kan oògùn olóró? Iṣẹ́ àkọ́kọ́ bọ́ lọ́wọ́ mi nítorí pé mo ń sá kúrò lẹ́nu rẹ̀ lọ tọ̀, bẹ́ẹ̀ probation yìí kan náà ló ní mi ò gbọdọ̀ wà láìníṣẹ́.

Ní oṣù kọkàndínlógún, ìtọ̀ kọ̀, kò wá. Mo mu omi, mo tún mu omi, ó wá jàjà wá. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, wọ́n ní ìtọ̀ mi ti lómi jù. Èròjà kan tó ń jẹ́ creatinine ni wọ́n ń wò; bí kò bá tó 20 míligíráàmù nínú dẹ́sílítà kan, wọ́n á fura pé èèyàn fi omi là á ni. Ìwé wọn fúnra wọn sọ pé kò sí oògùn kankan nínú rẹ̀. Àmọ́ nínú ìwé tí mo fọwọ́ sí lọ́jọ́ kìíní, tí mi ò kà, ìtọ̀ olómi àti ìtọ̀ olóògùn, ẹ̀ṣẹ̀ kan náà ni. Mo bẹ obìnrin tó ń bójú tó mi pé kí n tún un tọ̀ lójú ẹsẹ̀. Ó ní ọ̀rọ̀ ti kúrò lọ́wọ́ òun.

Láti 1973 ni ilé ẹjọ́ tó ga jù ní Amẹ́ríkà ti sọ pé wọn ò gbọdọ̀ fagi lé probation ẹnikẹ́ni láìgbọ́ tẹnu rẹ̀. Ó dára. Ibo ni mo ti dúró de ọjọ́ tí wọ́n máa gbọ́ tẹnu mi? Àtìmọ́lé, ọjọ́ 21! Iṣẹ́ kejì náà lọ. Lọ́yà mi ní kí n dúpẹ́ pé oṣù mẹ́fà ni adájọ́ fi kún un, torí ó lè da oṣù 19 tí mo ti ṣe nù, kó sì ní kí n lọ ṣẹ̀wọ̀n látìbẹ̀rẹ̀. Ìgbà yẹn ni ọ̀rọ̀ bàbá yẹn tó yé mi. Ẹni tó wà lẹ́wọ̀n, bí ilẹ̀ bá ti ṣú, ọjọ́ kan ti dín nìyẹn.

Mi ò sọ pé ẹ̀wọ̀n dára o. Alaalẹ́ ni mo ń rí ọmọ mi, àfi ọjọ́ 21 yẹn.

Àárọ̀ kùtù ni kí ẹ máa lọ tọ̀ fún wọn, ìtọ̀ ìgbà yẹn ló máa ń ki jù. Ẹ gba rìsíìtì gbogbo àyẹ̀wò. Bí ẹ bá ti ṣe ìdajì, ẹ ní kí lọ́yà yín wò ó bóyá kóòtù lè dá yín sílẹ̀ ṣáájú àkókò. Kò sẹ́ni tó sọ ìyẹn fún mi, ó sì ń dùn mí títí dòní.

Láti ìgbà náà dé òpin, mi ò pàdánù ìpè kan ṣoṣo. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì tí mo parí, ọwọ́ mi ti tẹ nọ́ńbà yẹn kí n tó rántí. Búlúù ni wọ́n pè. Mo padà sùn.