Ẹ jẹ́ kí wọ́n gbọ́ ná
Ẹ̀yin olùkọ́ ẹgbẹ́ mi, ẹ kú iṣẹ́. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ báńkì ní Gẹ̀ẹ́sì iṣẹ́ l'Ádó, ẹ gbé ìwé gírámà tì ná. Agùnbánirọ̀ tó ń fi Yorùbá ná iṣu ní Ọjà Ọba, ta ló kọ́ ọ ní ọ̀rọ̀-ìṣe? Èyí tó gbọ́ tó sì yé e ló wọ̀ ọ́ lára. Ohun tí Stephen Krashen, onímọ̀ nípa bí èèyàn ṣe ń kọ́ èdè, ń wí láti àwọn ọdún 1980 náà nìyẹn. Ẹ mú ímeèlì àwọn òṣìṣẹ́ náà gan-an wá (ẹ pa orúkọ oníbàárà rẹ́ o), ẹ jọ kà á, ẹ fi ṣe eré oníṣe. Ẹni tí kò tíì fẹ́ sọ̀rọ̀, ẹ jẹ́ kó máa gbọ́. Àwọn ọ̀gá kì í fẹ́ ṣìsọ níwájú ọmọ abẹ́ wọn. Bí wọ́n bá ṣì í sọ, ẹ má já lu ọ̀rọ̀ wọn, ẹ kàn sọ ọ́ bó ṣe yẹ nínú èsì yín.