Bí a ṣe ń tún orí gìtá báàsì àtijọ́ tó dá ṣe

Gibson EB-0 àti EB-3 ti àwọn ọdún 1960 la fi ṣe àpẹẹrẹ, torí bí wọ́n ṣe gbẹ́ wọn ló ń jẹ́ kí orí wọn tètè dá. Igi mahogany ni ọrùn wọn. Orí yẹn tẹ̀ sẹ́yìn ní nǹkan bíi dígírì 14 sí 17, nítorí náà fọ́nrán igi kì í gùn wọnú orí, ńṣe ló ń gé kúrú lẹ́yìn egungun kékeré tí okùn ń gbà kọjá. Ibẹ̀ náà ni wọ́n tún gbẹ́ ihò sí kí a lè rí truss rod yí, irin tó ń mú ọrùn dúró gbọnrangandan. Igi tó ṣẹ́ kù níbẹ̀ kéré púpọ̀. Bí gìtá bá ṣubú, kódà nínú àpótí rẹ̀, ìwúwo àwọn tuner, ìyẹn àwọn irin orí tí a fi ń yí okùn le, á gbá orí lọ nígbà tí ọrùn ti dúró, igi á sì dá.

Kọ́kọ́ tú okùn sílẹ̀ pátápátá. Lẹ́yìn ìyẹn, fi ojú ibi tó dá sílẹ̀ bó ṣe wà. Má fi sáńpépà ha á, má sì gé fọ́nrán kankan tó yọ ṣóńṣó. Fọ́nrán wọ̀nyẹn ló máa wọnú ara wọn bí eyín, àwọn ló sì máa jẹ́ kí gọ́ọ̀mù di igi náà mú dáadáa. Ṣa gbogbo èérún tó bọ́, kó o dì í sínú náílọ́ọ̀nù. Bí awẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ iwájú orí bá ṣì so ó mọ́ ọrùn, má fà á ya.

Fún un mọ́ra láìfi gọ́ọ̀mù sí i ná. Wá igi pẹlẹbẹ kan fún iwájú, kó o gbẹ́ òmíràn kó bá yíyípo ẹ̀yìn ọrùn mu, kó o fi awọ tẹ́ inú rẹ̀. Níwọ̀n bí ibi tó dá ti dà gẹ̀rẹ́, bó o bá ti ń fún clamp, irin tí a fi ń fún igi pọ̀, ni orí á máa yọ̀ lọ síwájú. Ìdí nìyí tó fi yẹ kí clamp kan máa ti orí padà sọ́dọ̀ ọrùn, kí méjì tó kù tó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Fi èékánná fa ojú ibẹ̀: bí èékánná bá ṣì ń kọ́, kò tíì jókòó dáadáa. Ṣe é títí ọwọ́ rẹ á fi mọ̀ ọ́n, torí tí gọ́ọ̀mù bá ti wọ̀ ọ́, ìṣẹ́jú díẹ̀ péré lo ní.

Gọ́ọ̀mù tó yẹ ni Titebond Original tàbí gọ́ọ̀mù awọ ẹran tí a ń gbé kaná. Gọ́ọ̀mù funfun táwọn káfíńtà ń lò fún àga máa ń rọ díẹ̀díẹ̀ bí nǹkan bá ń fà á tọ̀sán tòru, bẹ́ẹ̀ okùn mẹ́rin báàsì yìí lè fà ju 60 kg lọ. Epoxy, gọ́ọ̀mù oníhà méjì tí a ń pò pọ̀, náà kò dáa níbí: bó bá tún dá lọ́la, kò ní ṣeé fọ̀ kúrò lára igi.

Fi àbẹ́là pa ẹnu truss rod kí gọ́ọ̀mù má bàa lẹ̀ ẹ́ pa. Fi búrọ́ọ̀ṣì kékeré pa ojú méjèèjì. Bó bá jẹ́ pé ó kàn sán ni, fi syringe fún gọ́ọ̀mù sí i, kó o máa ṣí i, kó o máa pa á dé, títí á fi yọ ní òdì kejì. Nígbà tó o bá fún clamp, kí gọ́ọ̀mù yọ wínníwínní lójú ìlà náà látòkè délẹ̀. Ibi tí kò bá ti yọ, ebi gọ́ọ̀mù ń pa ibẹ̀. Fi aṣọ tútù nù ún, tẹ́ náílọ́ọ̀nù sábẹ́ àwọn igi clamp, kó o fi í sílẹ̀ fún wákàtí 24. Má ta okùn sí i kí ọ̀sẹ̀ kan tó pé.

Bí ibi tó dá bá gùn, tó sì dà gẹ̀rẹ́, gọ́ọ̀mù nìkan tó o. Àmọ́ bó bá dá gbáú, tí kò gùn tó 4 cm, ó nílò igi ìmúdúró. La ojú ọ̀nà méjì sẹ́yìn ọrùn, ọ̀kan ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan truss rod, kí fífẹ̀ wọn jẹ́ 6 mm, kí gígùn wọn tó 8 cm, kó o sì wọn jíjìn rẹ̀ kó má bàa lu síwájú. Ọ̀gànwó dára fún un. Ìbátan mahogany ni. Kí fọ́nrán rẹ̀ tọ gígùn ọrùn lọ, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ asán ni. Lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn, kó o fi ìfági mú un bá ara ọrùn dọ́gba.

Ní ti ṣíṣe é lọ́ṣọ̀ọ́, tuner tó fúyẹ́ ni àyípadà tó lérè jù: orí kò ní máa fa gìtá wálẹ̀ lọ́rùn ẹni mọ́, ewu kó tún dá á sì dín kù. Wọn ihò àtijọ́ kó o tó rà á. Èyí tó bá wọ ihò tó wà nílẹ̀ ni kó o mú. Má fi dírílì fẹ ihò lára báàsì tó ti pé ọgọ́ta ọdún. Ihò súkúrù tó ti gbòòrò, fi igi ìtayín àti gọ́ọ̀mù dí i, kó o tún un lu. Tọ́jú tuner àtijọ́ pẹ̀lú gbogbo súkúrù rẹ̀.

Nitrocellulose, irú fánísì tí wọ́n fi kun àwọn gìtá yìí, ni kó o fi kùn ún, nítorí ó máa ń yọ́ wọnú èyí tó wà lára rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Bí ìlà náà bá ṣì hàn, fi àwọ̀ dúdú tó ń ṣá díẹ̀díẹ̀ bo ẹ̀yìn ibẹ̀, ṣùgbọ́n má kan orúkọ Gibson níwájú. Fín in fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ẹ̀ẹ̀mẹta lóòjọ́, kó gbẹ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, kó o wá fi sáńpépà 800, 1200 àti 2000 pẹ̀lú omi dán an.

Tó o bá ta okùn, fà á dé ìdajì lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Lọ́jọ́ kejì, tún fi èékánná yẹ ìlà yẹn wò kó o tó fà á dé ohùn.