Ẹ̀ẹ̀rùn kọ́ ló ń pa fláwà yín

Okun o, ẹ̀yin èèyàn mi. Tó bá ti di January tí ọyẹ́ ń fẹ́ báyìí, ẹ rìn láti Kàbà dé Ìsánlú kẹ́ ẹ wò ó, iwájú ilé tó kún fún fláwà nígbà òjò á ti di igi gbígbẹ, wọ́n á sì ní ẹ̀ẹ̀rùn ló pa á. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ixora, hibiscus, bougainvillea, igi tó ń lo ọ̀pọ̀ ọdún ni gbogbo wọn, ọwọ́ wa ló ń pa wọ́n.

Èyí tó ń dùn mí jù ni omi tá a máa ń wọ́n fẹ́rẹ́ sí wọn ní gbogbo ìrọ̀lẹ́. Omi yẹn ò kọjá ojú ilẹ̀, kí oòrùn ọjọ́ kejì tó ga ó ti gbẹ, gbòǹgbò á wá máa wá omi bọ̀ lókè níbi tí ooru ti máa jó o. Odindi bọ́kẹ́ẹ̀tì kan ni kẹ́ ẹ rọra dà sídìí ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ilẹ̀ máa fà á mu, ẹ̀ẹ̀mejì sí ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀, láàárọ̀ kùtù. Mo mọ̀ pé kànga ń fà ní February, ìdí nìyẹn tí ò fi yẹ ká fi omi ṣòfò. Omi tẹ́ ẹ fi ṣan ẹ̀fọ́ tàbí ìrẹsì dáa fún wọn, àmọ́ èyí tó bá ní iyọ̀ tàbí Hypo nínú, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dà á síbòmíì.

Ìgbálẹ̀ ńkọ́? Ìyá mi á ti jí kí ilẹ̀ tó mọ́, wọ́n á gbá ìdí ixora títí gbòǹgbò á fi yọjú síta, wọ́n á kó ewé jọ wọ́n á sun ún. Ẹ̀ẹ̀rùn méjì ni mo fi bẹ̀ wọ́n kí wọ́n tó gbà kí n kó koríko gbígbẹ bo ìdí ẹ̀, ó nípọn tó ìnṣì mẹ́ta, mo sún un díẹ̀ kúrò lára igi kó má bàa jẹrà. Lọ́jọ́ kẹta tí wọ́n tọwọ́ bọ abẹ́ ẹ̀ ilẹ̀ ṣì tutù, látọjọ́ náà wọn ò sun ewé mọ́. Kẹ́ ẹ ṣáà máa yẹ̀ ẹ́ wò nítorí ikán.

Ẹ má da ìgbẹ́ adìyẹ tútù tàbí ajílẹ̀ yúríà sórí ilẹ̀ gbígbẹ o, á jó gbòǹgbò, ẹ jẹ́ kí òjò April dé. Bougainvillea tiẹ̀ yàtọ̀, tó bá ń mu omi àti yúríà yó ewé lásán ló máa hù, ẹ jẹ́ kí òùngbẹ gbẹ ẹ́ díẹ̀ kẹ́ ẹ tó tún bomi rin ín.

Ẹ ò sì gbọ́dọ̀ máa fi síṣọ́ọ̀sì gé ixora ní gbogbo ọ̀sẹ̀ méjì, orí ẹ̀ka ló ti ń tanná, òdòdó tó fẹ́ yọ lẹ̀ ń gé dànù yẹn. Ìgbà tó bá tanná tán ni kẹ́ ẹ gé e.

Ti ixora tá a gbìn mọ́ fẹ́ǹsì náà wà ńbẹ̀. Ewé ẹ̀ tuntun á máa pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ bí ìyeyè, iṣan ewé nìkan ló máa dúró ní àwọ̀ ewé, àwọn èèyàn á rò pé ebi ń pa á. Sìmẹ́ńtì ni, ẹfun inú ẹ̀ ń wọlẹ̀, igi náà ò sì ní rí áyọ́ọ̀nù, ìyẹn èròjà irin, fà látinú ilẹ̀. Mẹ́rin irú ẹ̀ ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fẹ́ǹsì wa, òjò ni mo ń dúró dè kí n lè hú wọn lọ síwájú àgbàlá.