Bẹ́ ẹ ṣe máa ṣe àyẹ̀wò ọpọlọ tí jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró bá ti tàn kálẹ̀

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dúró dìgbà tí orí bá ń fọ́ yín kẹ́ ẹ tó béèrè o. Jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró máa ń ràn dé ọpọlọ, ó sì lè wà níbẹ̀ kéèyàn má mọ nǹkan kan lára, ìdí nìyẹn táwọn dókítà fi ń ya àwòrán ọpọlọ, pàápàá tó bá jẹ́ irú tí wọ́n ń pè ní small cell, ìyẹn irú tó máa ń yára tàn, tàbí tí àyẹ̀wò bá gbé EGFR tàbí ALK jáde, ìyẹn ìyípadà nínú àbùdá jẹjẹrẹ náà.

Ẹ kọ́kọ́ bi dókítà pé ṣé MRI, ẹ̀rọ tó ń fi mágínẹ́ẹ̀tì ya àwòrán, ni àbí CT, èyí tó ń fi X-ray yà á. MRI tí wọ́n fi abẹ́rẹ́ gadolinium sí, ìyẹn oògùn tó ń jẹ́ kí jẹjẹrẹ hàn dáadáa nínú àwòrán, ló dáa jù, ó ń rí àwọn kókó kékeré tí CT kì í rí. Ẹ má sì sọ pé ẹ ti ṣe PET o, ìyẹn àwòrán tó ń wá ibi tó ń jẹ ṣúgà jù nínú ara, torí ọpọlọ fúnra ẹ̀ ń jẹ ṣúgà gan-an, gbogbo ẹ̀ á kàn máa tàn yòò ni, jẹjẹrẹ ò ní hàn dáadáa nínú ẹ̀.

Kẹ́ ẹ tó wọlé, ẹ sọ tí pacemaker, ẹ̀rọ kékeré tó ń bá ọkàn lù, tàbí irin bá wà lára yín, tàbí tí kíndìnrín ò bá ṣiṣẹ́ dáadáa. Ẹ̀rọ MRI ń pariwo, ẹ ò sì gbọ́dọ̀ mira, tí ibi híhá bá ń já yín láyà ẹ tètè sọ, oògùn wà fún un.

Tí wọ́n bá rí nǹkan, ẹ bi wọ́n pé mélòó ni, báwo ló ṣe tóbi tó. Tí wọn ò bá rí, ẹ béèrè ìgbà tẹ́ ẹ máa tún un ṣe. Ṣùgbọ́n tí gìrì bá mú yín tàbí tí apá kan ara bá rọ, ọsibítù lójú ẹsẹ̀ ni.